Ọkọ̀ Kì Í Dúró De Ọlọ́jọ́ Ìbí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìrìn Àjò Ọkọ̀ Ojú Omi Ìgbafẹ́ Àkọ́kọ́

Ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù kì í fi gbogbo ìgbà parí sí gbọ̀ngàn mọ́. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun á ní kí màmá wá sinmi, ẹgbẹ́ régberégbe á ní orí omi làwọn ń lọ lọ́dún yìí, wọ́n á sì sanwó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, èyí tí àwọn kan ń pè ní krúùsì. Kò sí èbúté Nàìjíríà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbéra déédéé, nítorí náà bàálù lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ lọ bá a: ní Barcelona, Southampton, Miami, Dubai, tàbí ní Durban àti Cape Town láàrin oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta.

Kì í sábà jẹ́ ìgbì ló ń ba ìrìn náà jẹ́. Ilé ló ti ń bàjẹ́, nínú ìwé, nínú owó àti nínú aago. Ọkọ̀ yìí máa ń fi orílẹ̀-èdè kan sílẹ̀ lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé òmíràn. Èbúté kọ̀ọ̀kan, ẹnubodè ni. Ẹni tó bá rò pé hòtẹ́ẹ̀lì tó ń rìn lòun wọ̀ ló máa ń ṣe àwọn àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Físà tó gbé yín débẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò gbé yín padà

Èyí ló ń náni lówó jù. Ejẹ́ǹtì á gba físà Schengen, ìyẹn físà kan tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, fún yín, yóò ní ó ti tó, torí pé Barcelona tàbí Athens lẹ ti máa wọkọ̀. Bó bá jẹ́ pé Marseille, Genoa àti Naples nìkan ni ọkọ̀ ń yà sí, inú Schengen náà lẹ ṣì wà. Ṣùgbọ́n bó bá ya Tunis, tàbí Kuşadası ní Turkey, tàbí Kotor ní Montenegro, ẹ ti jáde nìyẹn. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ti tán, ọkọ̀ kò sì ní gbà yín wọlé rárá, torí wọ́n ti mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ padà wọ Yúróòpù. Ẹni tó bá gbéra ní Southampton lọ sí Spain tàbí Norway nílò ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Schengen, ti Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ti Amẹ́ríkà tún wá le sí i. Ní oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní físà àbẹ̀wò tó jẹ́ ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, fún oṣù 3 péré. Ẹ ò lè fi irú rẹ̀ gbéra ní Miami lọ sí Bahamas kẹ́ ẹ tún padà wọ Miami. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, wọ́n tilẹ̀ ti dá fífún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní físà àbẹ̀wò tuntun dúró. Òfin físà sì ń yí lemọ́lemọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìkànnì ẹ́ńbásì fúnra yín kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan.

Ẹ má sì sọ pé, “A ò ní sọ̀kalẹ̀ ní ìlú yẹn, inú ọkọ̀ la máa jókòó sí.” Ìyẹn kì í gba èèyàn sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń pinnu ìwé tí wọ́n ń béèrè, ẹni tí ìwé rẹ̀ ò bá pé ni wọ́n á dá padà ní èbúté, wọn ò sì ní dá owó rẹ̀ padà. Ẹ kọ orúkọ gbogbo èbúté tí ọkọ̀ máa yà sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ èsì sí ìwé: kí ni ẹni tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ọ̀rọ̀ ẹnu ejẹ́ǹtì kì í ṣe ìwé.

Páásípọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní oṣù 6 lára lẹ́yìn ọjọ́ tí ìrìn bá parí. Káàdì ìbà pọ́njú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, South Africa wà lára wọn, ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣiṣẹ́ lójú ìwé títí ọjọ́ 10 á fi pé, nítorí náà gbígbà á lọ́sẹ̀ ìrìn kò wúlò. Ẹni tó bá sì ti gbà á rí kò nílò òmíràn, láti ọdún 2016 ló ti di ti gbogbo ayé ẹni.

Orúkọ oyè kì í ṣe orúkọ páásípọ́ọ̀tù

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àbùkù ni kéèyàn pe Ọ̀túnbà lórúkọ lásán. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn. Bí wọ́n bá kọ Ọ̀túnbà, Alhaja tàbí Olóyè mọ́ orúkọ nígbà tí wọ́n ń sanwó, tàbí tí wọ́n lo orúkọ ọkọ nígbà tí páásípọ́ọ̀tù ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá, ìdíwọ́ ti wà nílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tó ń gba orúkọ ẹgbẹ́ jọ kò gbọdọ̀ fi etí gbà á. Kó gba àwòrán ojú ewé páásípọ́ọ̀tù ti ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ètò owó

Iye tí ẹ rí nínú ìpolówó, ti ẹnì kan ni, lórí ìrètí pé ẹni méjì ló máa wà ní yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ dá sùn lè san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì. Owó bàálù, físà, Wi-Fi, ọtí àti ìrìn orí ilẹ̀ kì í sábà sí nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tún ń yọ owó ìmoore àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́, bíi dọ́là 16 sí 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fún tọkọtaya lọ́jọ́ méje, ó kéré tán dọ́là 224 nìyẹn. Ẹni tó bá wá ń ná owó fún agbọ́tí láti orí ìjókòó bí ẹni wà lójú agbo, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń san án.

Ẹ má dá àjọ ní náírà fún ìrìn tí iye rẹ̀ wà ní dọ́là. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ dá a, kí wọ́n máa rà á sí dọ́là lóṣooṣù, sínú àkáǹtì dọ́là, nítorí náírà tí wọ́n kó jọ lọ́dún kan lè má ra ìdajì yàrá nígbà tó bá pé.

A kì í fi owó ìwé ra nǹkan nínú ọkọ̀. Káàdì kékeré tí wọ́n fún yín lẹ ó fi ṣí ilẹ̀kùn, òun náà lẹ ó fi ra nǹkan, gbogbo rẹ̀ á sì wọ orí káàdì báńkì tí ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ di iye kan mú lórí káàdì náà lójoojúmọ́ kí ẹ tó ná an tán. Bó bá jẹ́ káàdì tó ń fa owó jáde tààrà látinú àkáǹtì, owó tí wọ́n dì mú lè má padà títí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ ti délé. Káàdì náírà tún ní òdiwọ̀n ìnáwó òkèèrè. Ẹ lo káàdì dọ́là, tàbí kẹ́ ẹ fi dọ́là ọwọ́ sílẹ̀ ní tábìlì àwọn tó ń gbọ́ ti àlejò.

Nípa àkókò: ìdogo lẹ́ ẹ kọ́kọ́ san, owó tó kù sì máa ń pé ní nǹkan bí ọjọ́ 90 kí ọkọ̀ tó gbéra. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ní òun ò lọ mọ́ pàdánù púpọ̀ nínú owó rẹ̀. Ẹ ti lè béèrè físà Schengen láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn. Kí físà ti wà lọ́wọ́, tàbí kí ìdáhùn ti dé, kí ọjọ́ 90 yẹn tó pé. Ẹ̀yìn owó kíkún ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ wá físà, ibẹ̀ ni ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Gàrí lè wọlé, ìkọ́kọrẹ́ ò ní wọlé

A mọ̀ pé ẹ ó gbé oúnjẹ. Oúnjẹ tó gbẹ, tó wà nínú ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ dì pa, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà. Gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ dáadáa wà lára èyí, bó bá ti wà nínú ọ̀rá ilé iṣẹ́ tó ní orúkọ lára. Ohun tí wọ́n sè nílé ni wọn kì í gbà: ìkọ́kọrẹ́, ọbẹ̀ inú kúlà, mọ́ínmọ́ín ewé. Ẹ má gbé pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ, èso tàbí ewébẹ̀ tútù. Àní oúnjẹ tí ẹ bù nínú ọkọ̀ gan-an, ẹ má gbé e sọ̀kalẹ̀ ní èbúté. Ajá òṣìṣẹ́ ibodè máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, owó ìtanràn ọ̀sàn kan sì ju owó àpò ọ̀sàn lọ.

Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná, àbẹ́là àti wáyà ẹ̀lẹ́nu púpọ̀ tó ní ohun tí ń dènà iná alágbára, wọ́n á gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Iná nínú ọkọ̀ lójú òkun kò ní ibi tí a lè sá lọ, ìdí nìyẹn. Ẹ̀wù tó ti rún, ibi ìfọṣọ ọkọ̀ ló máa bá yín lọ̀ ọ́. Ihò iná ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa kò wọ̀ ọ́. Ádápítà kékeré kan fún fóònù kọ̀ọ̀kan ti tó.

Nípa aṣọ, agbádá tàbí ìró àti bùbá dára gan-an fún alẹ́ ìmúra. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé gbogbo ààyè yàrá náà kò ju bíi mítà onígun mẹ́rin 15 sí 18 lọ, abẹ́ ibùsùn ni àpótí máa wà. Aṣọ ẹbí kan ti tó. Mẹ́ta ti pọ̀ jù.

Àpótí ńlá, àwọn alágbàrù èbúté ló máa gbà á, ó sì lè dé yàrá lálẹ́. Nítorí náà oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, páásípọ́ọ̀tù, fóònù àti aṣọ ìwẹ̀ odò gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́. Kí oògùn wà nínú páálí rẹ̀, kó tó ọjọ́ ìrìn, pẹ̀lú ti ọjọ́ mẹ́ta sí i. Dókítà wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ le, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí káàdì yín. Ẹ ra ìṣọ́fò (inṣọ́ránsì) ìrìn àjò tó kan gbígbé aláìsàn kúrò lójú omi. Físà Schengen tilẹ̀ ń béèrè ìṣọ́fò tó tó €30,000. Aboyún tí oyún rẹ̀ bá máa pé ọ̀sẹ̀ 24 kí ìrìn tó parí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í gbà á.

Láti Ṣágámù títí dé ẹsẹ̀ ọkọ̀

Ẹ má rà tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó máa balẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ń gbéra. Ẹ débẹ̀ lánàá rẹ̀, ó kéré tán. Láti Ṣágámù lọ sí Ìkẹjà lè gba wákàtí kan lọ́jọ́ tó bá dára, ṣùgbọ́n Mówé àti Ìbafo kì í bẹ èèyàn. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù tún burú sí i, nítorí ìpàdé òru tó wà ní Redemption City. Bí bàálù bá sì pẹ́, kò kan ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé “Rome” tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í ṣe Rome. Civitavecchia ni, ó jìnnà sí Rome tó bíi wákàtí kan. “London” ni Southampton, bíi wákàtí méjì láti inú ìlú. Ẹ wo orúkọ èbúté fúnra rẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ṣí ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú. Ẹ tètè ṣe é, torí ibẹ̀ lẹ ti máa yan wákàtí tí ẹ ó dé èbúté, ibẹ̀ náà lẹ ti máa tẹ ìwé àmì àpótí jáde. Wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ní wákàtí kan tàbí ìṣẹ́jú 90 kí ọkọ̀ tó gbéra. Kò sí “à ń bọ̀, a ti wà ní ojú ọ̀nà.”

Ní ojú omi

Ẹ má sá fún ìdánrawò ààbò. Fèrè kúkúrú méje àti gígùn kan ni àmì rẹ̀, ẹ ó sì lọ wo ibi tí ẹ ó péjọ sí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2012, ọkọ̀ ìgbafẹ́ Costa Concordia kọlu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Italy, ènìyàn 32 sì kú. Àwọn tó wọ ọkọ̀ náà ní Civitavecchia lọ́jọ́ yẹn kò tíì ṣe ìdánrawò kankan. Òfin ti yí lẹ́yìn náà: kí ọkọ̀ tó kúrò, tàbí gẹ́rẹ́ tó bá ń kúrò, ni wọ́n ń ṣe é báyìí.

Ẹni tó dàgbà ní Ìwópìn, tó ti ń gun ọkọ̀ lórí ọ̀sà láti kékeré, á ní èébì ò kan òun. Ọ̀sà kì í gbọ̀n bí òkun. Bí ẹ bá ń yan yàrá, ẹ mú èyí tó wà láàrin ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀, nítorí iwájú àti òkè ló ń mì jù. Oògùn bíi dimenhydrinate tàbí meclizine, ó yẹ kẹ́ ẹ lò ó ní bíi wákàtí kan ṣáájú. Bí inú bá ti ń ru, ó ti pẹ́ nìyẹn. Ó ń mú oorun wá, ẹ má fi ọtí lé e. Ẹni tó ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma kò gbọdọ̀ lẹ oògùn àlẹ̀mọ́ hyoscine mọ́ ẹ̀yìn etí láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Bísíkíìtì gbígbẹ àti atalẹ̀ ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ebi kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, pàápàá bó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ ó fi jẹ ẹ́. Norovirus, tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru nínú ọkọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ kú sọ́wọ́ ọṣẹ olómi ọlọ́tí tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ tẹ àmì bàálù lórí fóònù kí ọkọ̀ tó fi èbúté sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù á so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sátẹ́láìtì ọkọ̀, owó WhatsApp ọjọ́ kan sì lè ju owó fóònù fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ ra Wi-Fi sílẹ̀ láti ilé, ó máa ń dín díẹ̀.

Ní èbúté, aago ọkọ̀ lẹ ó máa tẹ̀lé. Fóònù lè yí sí aago ìlú láìsọ fún yín, bẹ́ẹ̀ wákàtí kan péré ti tó láti sọ yín di ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀. Ẹ padà ní wákàtí kan ṣáájú àkókò tí wọ́n kọ. Ìrìn tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ṣètò ni ọkọ̀ máa ń dúró dè. Takisí tí ẹ fi dọ́là díẹ̀ háyà, wọn kì í dúró dè é, ẹ̀yin lẹ ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ bá a ní èbúté tó kàn, bí físà yín bá gbà.

Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé àpótí síta kí aago 11 tó lù. Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ owó yín wò lálẹ́ yẹn, kì í ṣe láàárọ̀ tí ìlà á ti gùn. Ẹ má ra bàálù tó máa gbéra ṣáájú ọ̀sán. Kẹ́ ẹ sì yọ aṣọ àárọ̀, bàtà, oògùn àti páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ti àpótí náà síta, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e lọ, ó di inú gbọ̀ngàn èbúté kẹ́ ẹ tó tún fojú kàn án.