Bí Ìjọba Ṣe Ń Yí Padà ní Gánà: Ohun Tó Yẹ Kí Àlejò Mọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Accra tàbí Kumasi, ẹ má fi kàlẹ́ńdà Nàìjíríà ka ti Gánà o. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ò já mọ́ nǹkan kan níbí. Láti 1996, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ni wọ́n ń dìbò ààrẹ lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, tó bá sì di ọjọ́ 7 oṣù Kìíní, ààrẹ búra. Oṣù kan péré ló wà láàárín. Tẹ́ ẹ bá ní ìwé kan láti gbà lọ́fíìsì ìjọba, ẹ tètè gbà á kí ìbò tó dé, torí nígbà tí ẹni tó wà lórí àga bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ta ni yóò ráyè tiyín?

Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni olórí ìjọba. Kò sí olóòtú ìjọba mọ́, bí Nkrumah ṣe jẹ́ nígbà tí wọ́n gbòmìnira ní 1957, tàbí bí Busia ṣe jẹ́ láti 1969 títí àwọn ológun fi gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1972. Ẹni tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì ìbò lọ. Bí kò bá sí, àwọn méjì tó ṣíwájú á tún un dì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lèèyàn lè ṣe é.

Ibi tó ń ya àwa ará Nàìjíríà lẹ́nu jù nìyí: kò sí gómìnà. Ẹkùn 16 ni Gánà ní, ààrẹ ló ń yan mínísítà sí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Olórí ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DCE, ààrẹ náà ló ń fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ kí ìgbìmọ̀ àdúgbò tó fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ òṣèlú NPP bá gbé ìjọba fún ẹgbẹ́ NDC, bó ṣe rí ní 2025, ọ̀gá tẹ́ ẹ ti mọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ á lọ, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kí ẹlòmíì.

Bí ààrẹ bá kú ńkọ́? Kò sí pé ọ̀rọ̀ ń lọ sílé, ó ń bọ̀ lóko. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2012, Ààrẹ Mills kú ní Accra lọ́sàn-án. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Mahama, igbákejì rẹ̀, búra nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó parí sáà náà, ó wọlé ìbò tirẹ̀ lópin ọdún, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ gíga jù lọ, ó jàre ní 2013. Akufo-Addo fìbò lé e kúrò ní 2016, àmọ́ Mahama yìí kan náà ló tún padà wá. Bawumia tó bá a du 2024 ti pè é kí i kú oríire kí àjọ elétò ìbò tó kéde ẹnikẹ́ni.

Bí ààrẹ àti igbákejì bá jọ kúrò nílùú, olórí ilé aṣòfin ló ń di ipò mú. Ó ṣẹlẹ̀ rí: Doe Adjaho, olórí ilé aṣòfin nígbà náà, búra, ó di adelé fúngbà díẹ̀.

Ọmọ Gánà ló ni ìbò o, kì í ṣe ti àlejò. Ẹ má wọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan, ì báà jẹ́ ti agbòòrùn NDC tàbí ti erin NPP.

Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà léèrè oṣù Kọkànlá 1969. Kì í ṣe ológun ló lé wọn kúrò ní Gánà. Ìjọba Busia tí wọ́n dìbò yàn, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí àga, ló fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀. Lónìí, òfin 2013 fi títa ọjà wẹ́wẹ́ nínú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan, ẹgbẹ́ méjèèjì sì ti ṣèjọba lórí òfin náà. Ọjọ́ 90 ni ECOWAS fún yín láìgba físà. Ẹ ṣí ìwé ìrìnnà yín, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú ní Aflao, ẹnubodè Gánà àti Tógò.