Oyún wálẹ̀, ẹ sì fẹ́ lóyún padà: ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀

Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá pé oṣù mélòó ló yẹ kí obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára ẹ̀ dúró kó tó tún gbìyànjú, ìdáhùn mẹ́wàá lẹ máa gbà. Màmá yín á ní ọdún kan gbáko kí ara sinmi, ọ̀rẹ́ yín níbi iṣẹ́ á ní kẹ́ ẹ má fi falẹ̀ rárá, nọ́ọ̀sì kan á ní oṣù mẹ́ta, dókítà míì á ní mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà yẹn ò kúkú ṣàdédé wá, àjọ WHO ló dá a lábàá ní 2005, àmọ́ àwọn ìwádìí tó jáde lẹ́yìn ìgbà yẹn ò rí i pé ẹni tó tètè lóyún padà ń kó sí wàhálà ju ẹni tó dúró lọ. Torí náà tó bá jẹ́ oyún tó wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni, tí ò sì mú ìṣòro míì dání, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ń sọ báyìí ni pé ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá pátápátá, kẹ́ ẹ rí nǹkan oṣù ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin àti ọkàn yín. Nǹkan oṣù ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ orí oyún tuntun ni, tẹ́ ẹ bá lóyún kó tó wá, ìyẹn ò ba nǹkan kan jẹ́.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ka oṣù kankan, ẹ lọ gba bébà yín lọ́sibítù. Gbogbo ẹ̀ o: èsì skáànù, ohun tí wọ́n ṣe fún yín, ṣé oògùn ni wọ́n fi sí i àbí wọ́n fọ ilé ọmọ, èsì láàbù tí wọ́n bá gbé ohun tí wọ́n yọ lọ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin ò fẹ́ fojú kan bébà yẹn mọ́, ó yé mi, ẹ gbé e fún ọkọ yín tàbí àbúrò yín kó bá yín tọ́jú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sun ún. Ìdí ni pé kì í ṣe gbogbo oyún tó bàjẹ́ ló jọra. Tó bá jẹ́ oyún molar ni, èyí tí ò di ọmọ tó kàn ń wú nínú ilé ọmọ, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò títí họ́mọ́ọ̀nù oyún á fi lọ sílẹ̀ pátápátá, tẹ́ ẹ bá sì lóyún láàárín ìgbà yẹn, dókítà ò ní mọ̀ bóyá oyún tuntun ló ń gbé e sókè ni àbí àrùn yẹn ló tún padà. Tó bá jẹ́ èyí tó dúró síta ilé ọmọ, tí wọ́n sì fún yín ní abẹ́rẹ́ methotrexate, èyí tó ń dá irú oyún bẹ́ẹ̀ dúró, ó kéré tán ẹ dúró oṣù mẹ́ta. Tó bá sì jẹ́ oyún oṣù mẹ́rin sí márùn-ún tó kàn wálẹ̀ láìsí ìrora tó le, ó lè jẹ́ ọrùn ilé ọmọ ló ń ṣí, èyí tí wọ́n lè rán nígbà tí oyún tó ń bọ̀ bá wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14. Dókítà tuntun tí ò rí bébà ò ní mọ̀, á kàn ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ fún áńtínétà.

Ẹ béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ ní náà. Tó bá jẹ́ Rhesus negative, irú bí O- tàbí A-, ẹ bi wọ́n bóyá abẹ́rẹ́ anti-D tọ́ sí yín, òun ni kì í jẹ́ kí ara yín bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń bọ̀ jà, láàárín wákàtí 72 tí oyún bá wálẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún un, ẹ má jẹ́ kó kọjá lọ.

Ní ti ìbálòpọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá ná kí àrùn má bàa wọlé. Ẹyin lè jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, torí náà ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò tíì balẹ̀ kó lo kọ́ńdọ̀mù, kó má rò pé ara òun ò lè ṣe nǹkan kan. Tẹ́sìtì oyún sì lè máa sọ pé oyún wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan torí ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà lára, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó bá ṣì fi oyún hàn, ẹ padà sí ọsibítù. Pádì ńlá méjì kún ní wákàtí kan, ibà, òórùn burúkú, inú tó ń roni gan-an, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ lọ.

Wàyí o, àwọn tó ń ta oògùn ìfọlé-ọmọ lórí WhatsApp. Wọ́n á ní ìdọ̀tí ti kù sínú yín, wọ́n á ní láìfọ̀ ọ́ ẹ ò ní lóyún láé, wọ́n á gbé tíì àti àgbo tí ẹnì kan ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde, owó ẹ̀ á sì wọ́n ju skáànù lọ. Ilé ọmọ ń fọ ara ẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà. Tí nǹkan bá ṣẹ́kù, skáànù máa rí i, dókítà á sì yọ ọ́. Èyí tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn ibi tí wọ́n ti ń ha ilé ọmọ léraléra láìní ìmọ̀, torí ó lè dá ọgbẹ́ sínú ẹ̀ débi pé ògiri á lẹ̀ mọ́ra. Tí nǹkan oṣù yín bá wá kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an, tàbí kó má wá lẹ́yìn oṣù méjì tẹ́sìtì sì ní kò sóyún, ẹ sọ fún dókítà.

Folic acid, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí oyún tó wọlé. 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ ló tó ọ̀pọ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n 5 mg ni kẹ́místì tọ̀dọ̀ wa sábà máa ń ní, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ní sickle cell tàbí ìtọ̀ ṣúgà, torí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, HIV àti VDRL, ìyẹn tẹ́sìtì àrùn syphilis. Ẹ sun abẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ náà, kó fi sìgá sílẹ̀, kó sì dín ọtí kù, kì í ṣe ìyàwó nìkan ló ń bímọ.

Tẹ́ ẹ bá ti ń gbìyànjú, ìbálòpọ̀ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó, ẹ ò nílò kàlẹ́ńdà. Àwọn tí ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tí wọ́n sì wà n'Ìbàdàn, tó jẹ́ Friday ni wọ́n ń ríra, ni mo máa ní kí wọ́n ra strip tó ń wo ìgbà tí ẹyin máa jáde, torí lóṣù àkọ́kọ́ kíka ọjọ́ lè tan yín jẹ.

Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ ṣe tó mú oyún yẹn wálẹ̀. Garawa omi kọ́, ọ̀kadà kọ́, ìjà tẹ́ ẹ bá ọkọ yín jà kọ́. Nínú oyún mẹ́wàá tí tẹ́sìtì rí, bí ẹyọ kan sí méjì ló ń wálẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oyún sì jẹ́ pé krómósómù ọmọ náà, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá òbí wá, ni ò rí bó ṣe yẹ. Wọ́n á wá kí yín pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àmọ́ ẹ láyè láti sunkún omi tó dànù yẹn dáadáa. Tí ìyá ọkọ bá ń béèrè lóṣooṣù, kí ọkọ ló dáhùn, kó ní "Ẹ má bínú mà, dókítà ní ká fara balẹ̀, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ sọ fún."

Tí oyún bá ti wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má kàn tún gbìyànjú, ẹ béèrè fún tẹ́sìtì antiphospholipid, àìsàn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dì jù, torí aspirin àti abẹ́rẹ́ heparin ń ran àwọn tó ní in lọ́wọ́, ṣùgbọ́n dókítà ló ń kọ ọ́, kì í ṣe kẹ́místì. Tí tẹ́sìtì tuntun bá sì gbé ìlà méjì, ẹ forúkọ sílẹ̀ kíákíá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí skáànù di ọ̀sẹ̀ keje tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìrora ò bá yọ yín lẹ́nu, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì rí ọkàn tó ń lù, ẹ ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì jáyà lásán.