Ọjọ́ Mẹ́ta Láàárín Ìmẹ̀kọ, Ìlarà àti Kétu

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, nínú ìtàn àwọn ọmọ Odùduwà, àmọ́ n kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé tí ọ̀nà gbẹ, mo mú ìwé ìrìnnà mi, mo wọkọ̀ ní Abẹ́òkúta. A gba Ayétòrò kọjá, ọkọ̀ sì já mi sí Ìmẹ̀kọ, nítòsí ààlà Nàìjíríà àti Benin, lọ́sàn-án.

Ìjọ Celestial, àwọn aláṣọ funfun, ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Ìmẹ̀kọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Bàbá Oshoffa, olùdásílẹ̀ ìjọ náà, sí ní 1985, àwọn ọmọ ìjọ a sì máa rọ́ lọ síbẹ̀ nígbà Kérésìmesì. Àsìkò tí mo lọ, ìlú pa rọ́rọ́. Mo dúró, mo ń rò ó: Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà, ni bàbá yẹn ti dá ìjọ sílẹ̀ ní 1947. Òdìkejì ààlà ló ti bẹ̀rẹ̀, ìhín ló sùn sí. Kétu náà sì ni àwọn ará Ìmẹ̀kọ ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kadà gbé mi lọ sí Ìlarà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ààlà jẹ́ gan-an, ẹ dé Ìlarà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ilẹ̀ tàwọn yóò parí sí, wọn kò bi ẹnikẹ́ni níbí léèrè. Ìlà náà gba inú ìlú kọjá. Mo bá ìyá àgbà kan tó ń yí gààrì lórí iná, mo kúnlẹ̀ kí i. Láì dáwọ́ dúró, ó fi ẹnu júwe fún mi: “Ilé ọkọ mi lẹ rí yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Oko wa wà lọ́dọ̀ Faransé. Iṣu kò mọ̀yàtọ̀, ọmọ mi.” Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sáré kiri ẹ̀yìn wa. Èdè òyìnbó méjì ni wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé wọn, Yorùbá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ja ìjà bọ́ọ̀lù.

Ibi tí inú ti bí mi nìyí: ní ibùdó àyẹ̀wò kan, wọ́n ní kí n san owó kan tí kò sí lákọsílẹ̀ níbìkankan. Ìwé mi pé. Mo jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí kan gbáko kí wọ́n tó dá mi sílẹ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ sáà ní sùúrù, kí ìwé yín sì pé.

Lẹ́yìn náà ni zẹ́mìjàn, ọ̀kadà àwọn ará Benin, gbé mi dé Kétu.

Ẹnubodè Akaba Ìdènà ni mo bá lọ. Odi amọ̀ àti yàrà ló yí ìlú ká láyé àtijọ́, ẹnubodè yìí ni wọ́n ń gbà wọlé. Oòrùn ń ta yẹ́ríyẹ́rí níta. Bí mo ti wọ abẹ́ rẹ̀, ara mi tutù. Mo fọwọ́ kan igi ilẹ̀kùn náà, ó nípọn, ó sì le bí òkúta. Bàbá tó mú mi yí ká ní orúkọ ìlú wá láti inú ìbéèrè: ta ní lè tú iké abuké, ta ní lè fọ́ ìlú? Síbẹ̀ ìjọba Dàhọ̀mì fọ́ ọ ní 1886, ní ayé ọba Glele, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú dá. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó sọ èyí, èmi náà kò lè sọ̀rọ̀. Àjàyí Crowther dé ìlú yìí láti Abẹ́òkúta ní 1853. Ohun tó rí nígbà náà, ogun tó dé ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di ahoro.

N kò bá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ níta, ó dùn mí púpọ̀, nítorí Kétu ni ọ̀pọ̀ ń pè ní orírun rẹ̀. UNESCO ti kéde rẹ̀ ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ béèrè àsìkò rẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Bí mo ti fẹ́ padà ní ọjọ́ kẹta, ìyá tó gbà mí sílé béèrè ọ̀nà tí mo ń gbà. Mo ní Ìmẹ̀kọ. Ó wọlé, ó gbé àpò èlùbọ́ kékeré kan jáde, ó ní kí n bá òun fún àbúrò òun, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo kan ilẹ̀kùn níbẹ̀. Obìnrin tó jáde wo àpò náà, kò wo ojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ẹ rán.”