Bí mo ṣe wo ọdún Thaipusam ní Batu Caves

Ẹni tó bá fẹ́ wo Thaipusam, ọdún tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fi ń bọ òrìṣà Murugan, kó dá a mọ̀ kì í dúró de ọ̀sán. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Tamil, ẹ̀yà kan tó wá láti gúúsù India, ní Kuala Lumpur, olú ìlú Malaysia, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, la bá wọ ọkọ̀ ojú irin lóru. Òṣùpá àrànmọ́jú ni, nínú oṣù tí àwọn Tamil ń pè ní Thai. Láti ọdún 1892 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún yìí ní Batu Caves, àwọn ihò àpáta tí tẹ́ńpìlì Híńdù wà nínú wọn.

Ère Murugan tó ga ní mítà 42.7 ni gbogbo àlejò ń yàwòrán. A ò dúró síbẹ̀, etí odò la gbà lọ. Níbẹ̀ làwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ti ń wẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi irin gún wọn lára.

Mo dúró ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ẹbí rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń kọrin, ìlù ń dún kíkankíkan. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ yí padà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ẹlẹ́gùn Ṣàngó. Bàbá kan fi eérú funfun pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan yọ sí èkejì. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń retí, n kò rí i. Wọ́n wá fi ìwọ̀ kọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lẹ́yìn, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Irin yẹn dúró fún vel, ọ̀kọ̀ tí òrìṣà obìnrin Parvati fún Murugan ọmọ rẹ̀ kó fi ṣẹ́gun ẹ̀mí burúkú kan tó ń jẹ́ Soorapadman. Wọn kì í ṣàdédé gún ara o: wọ́n á ti gbààwẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọn ò ní fẹnu kan ẹran, ọkọ àti aya ò sì ní bára wọn sùn.

Lójú tèmi, àwọn oníkámẹ́rà ń ṣe àṣejù; ẹni tí wọ́n gún nìkan ni wọ́n ń lé kiri. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ru ìkòkò wàrà ló pọ̀ jù, títí kan àwọn ìyálọ́mọ.

A tẹ̀lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti ẹbí rẹ̀ gun àtẹ̀gùn 272 náà. "Vel! Vel!" ni gbogbo èèyàn ń ké. Nínú ihò àpáta lókè ni wọ́n ti yọ irin ẹnu ọmọ náà, tí wọ́n tún fi eérú tẹ ojú ibẹ̀. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń pín ìrẹsì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni gbogbo, àwa náà tò, a jẹ.