Bí ohùn ṣe padà sínú fídíò ìgbéyàwó tí a ṣe ní Kubwa

Orin jùjú abẹ́ fídíò ìgbéyàwó àbúrò mi ló mú kí ìkànnì tí mo gbé e sí pa ohùn rẹ̀. Kíkọ “èmi kọ́ ni mo ni orin yìí” sábẹ́ fídíò ò ran nǹkan kan o. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin: ti ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, àti ti ẹni tó gbà á sílẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn páálí síídì, olórin náà ló ni méjèèjì. Mo kọ̀wé sí i: àkọlé orin, ìwọ̀n ìṣẹ́jú, ibi tí fídíò máa wà, pé n kò ní tà á. Lábẹ́ Òfin Copyright (ẹ̀tọ́ oníṣẹ́) Nàìjíríà ti 2022, àṣẹ ẹnu lásán ti tó fún irú èyí, àmọ́ ta ni yóò jẹ́rìí? Ìwé tó fọwọ́ sí ni mo fi ṣe àtakò lọ́dọ̀ ìkànnì náà, ohùn sì padà. Àgékù fíìmù ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀rẹ̀ fídíò ńkọ́? Oníǹkan ò fèsì, mo yọ ọ́.