Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá tíìmù bésíbọ́ọ̀lù tó ń jìyà ti ń tún ara ẹ̀ ṣe lóòótọ́: ẹ jẹ́ ká wo White Sox

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Chicago tẹ́ ẹ sì ti mú White Sox bíi tíìmù yín, mo mọ ohun tójú yín rí ní 2024. Gẹ́ẹ̀mù 162 ni wọ́n ń gbá ní sáà kan, wọ́n pàdánù 121 níbẹ̀, láti 1900 kò sí tíìmù kankan tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ rí, Mets ọdún 1962 tí wọ́n máa ń fi ṣàpẹẹrẹ ìyà pàápàá, 120 ni tiwọn. Láàárín July sí August wọ́n pàdánù 21 léra wọn. Látìgbà yẹn ẹnu gbogbo èèyàn ò kúrò lórí rebuild, ìyẹn kí wọ́n tún tíìmù kọ́ látìsàlẹ̀, ẹ ní sùúrù, ẹ ní sùúrù. Sùúrù dáa o, ṣùgbọ́n kéèyàn máa ní sùúrù láì mọ ohun tó yẹ kó máa wò, ìyẹn le. Láti November títí dé March tí kò sí gẹ́ẹ̀mù, ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ ń lọ, bẹ́ ẹ ṣe máa fojú sí i nìyí.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí iye gẹ́ẹ̀mù tí wọ́n wín. Ní 2025 wọ́n wín 60, wọ́n pàdánù 102. Ẹlòmíì á ní ó ti dáa ju 41 tí wọ́n wín lọ́dún tó ṣáájú lọ, ẹlòmíì á ní ọdún kẹta rèé tí wọ́n ń pàdánù ju ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn méjèèjì ò parọ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni pé ta ló wín 60 yẹn fún wọn, ṣé àwọn àgbà tó máa tó lọ ni àbí àwọn ọmọ tó ṣì máa wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin márùn-ún? Torí òfin kan wà tó ń darí gbogbo ẹ̀: plẹ́yà tó bá ti wọ líìgì ńlá máa lo ọdún mẹ́fà kó tó lè lọ síbi tó wù ú, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ owó tí wọ́n ń san fún un ò tó nǹkan tẹ́ ẹ bá fi wé tàwọn àgbà, ẹ̀yìn ìyẹn lowó ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ta Garrett Crochet. Òun ló dáa jù nínú gbogbo wọn ní 2024, òun ń ju bọ́ọ̀lù, strikeout 209 ló ṣe (ìyẹn ni pé ẹni tó gbé igi ò rí bọ́ọ̀lù ẹ̀ gbá tó fi jáde) láàárín innings 146 (mẹ́sàn-án ni ìpín eré yìí nínú gẹ́ẹ̀mù kan), kò wọ́pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ọdún méjì ló kù fún un, tíìmù náà ò sì lè wín nǹkan kan láàárín ọdún méjì yẹn. Ní December, Chris Getz tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ gbé e fún Boston, ó gba ọmọ mẹ́rin: Kyle Teel, Braden Montgomery, Chase Meidroth àti Wikelman Gonzalez. Bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ta iṣu ńlá kó lè rí èèbù rà ni.

Tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ gbójú kúrò lára ẹni tí wọ́n tà. Crochet wín gẹ́ẹ̀mù 18 fún Boston ní 2025, márùn-ún péré ló pàdánù, ó ká àwọn kan lára ní South Side, àdúgbò White Sox ní Chicago, àmọ́ ká ní ó dúró ni, ibo ni 18 yẹn fẹ́ gbé wọn dé? Àwọn tí wọ́n gbà ni kẹ́ ẹ máa wò, àti ibi tí wọ́n ti ń gbá. Ọmọ tó ti wà ní Double-A tàbí Triple-A, àwọn líìgì kékeré tó sún mọ́ líìgì ńlá jù, ti súnmọ́lé, èyí tó ṣì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀nà ẹ̀ jìn, bó ti wù kí orúkọ ẹ̀ máa dún tó. Meidroth àti Teel ti ń gbá ní líìgì ńlá lọ́dún 2025 yẹn kan náà, catcher sì ni Teel, ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ẹni tó gbé igi kó lè gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù, ipò tó ṣòro láti rí èèyàn gidi sí. Braden Montgomery ló nílò sùúrù, egungun ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣẹ́ nígbà tó wà ní yunifásítì, síbẹ̀ Boston mú un ní ipò kejìlá ní draft 2024, ìyẹn ìgbà táwọn tíìmù máa ń mú àwọn ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń dé òkè o. Ọmọ wa kan wà, Demi Orimoloye, Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, Kánádà ló dàgbà sí, tíìmù Brewers mú un ní draft 2015. Ó ga, ó lágbára, ó mọ eré sá. Lópin August 2018 Brewers ń lé playoff, ìdíje táwọn tíìmù tó dáa jù máa ń gbá lẹ́yìn sáà, wọ́n nílò ọwọ́ àgbà, wọ́n fi ọmọ yìí gba Curtis Granderson lọ́wọ́ Toronto, ọmọ náà ò sì dé líìgì ńlá. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí orúkọ mẹ́rin, ẹ má ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí èrè, tí méjì bá dúró, wọ́n ṣe dáadáa.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ láti kọ́ àwọn ọmọ yìí náà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ìròyìn yẹn, ó sì ń dùn mí. Ní April 2025 Colson Montgomery, ọmọ White Sox míì tí kì í ṣe Braden, ń gbá .149 ní Triple-A, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tó bá gbé igi, kò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi rí hit, ìyẹn kó gbá bọ́ọ̀lù kó sì ráyè sáré dé ibi àkọ́kọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gẹ́ẹ̀mù pátápátá, wọ́n gbé e lọ Arizona, ó jókòó ti àwọn tó ń kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń gbá igi, wọ́n tún ọwọ́ ẹ̀ ṣe níbi tí kò ti sí èrò. Nígbà tí wọ́n pè é wá sí Chicago ní July, home run 21, bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ọgbà pápá, ló gbá nínú gẹ́ẹ̀mù 71. Tíìmù tí kò bá lẹ́ni tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kó ta gbogbo àgbà tó ní, àwọn ọmọ tó gbà á kàn bà jẹ́ sí i lọ́wọ́ ni.

Lórí draft, ẹ má rò pé ẹni tó pàdánù jù ló máa kọ́kọ́ mú èèyàn. Tíbò ni wọ́n ń dì báyìí, wọ́n sì tún ní kí tíìmù ìlú ńlá má wọ ibi tíbò lẹ́ẹ̀mejì léra. White Sox ti mú ẹnì karùn-ún ní 2024, nítorí ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo 121 yẹn, ipò kẹwàá ni wọ́n fún wọn ní 2025. December 2025 ni tíbò tó wá já mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn ló máa kọ́kọ́ mú ní 2026.

Rule 5 náà wà ní December, draft míì tí wọ́n fi ń mú ọmọ tíìmù ẹlòmíì. Ọmọ tó bá ti pẹ́ nísàlẹ̀ tí tíìmù ẹ̀ ò kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ ogójì tí wọ́n dáàbò bò, ẹlòmíì lè fi $100,000 mú un, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi í sí líìgì ńlá jálẹ̀ sáà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó fi lọ àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀. Tíìmù tó ń lé playoff ò ráyè fún ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, tíìmù tó wà nísàlẹ̀ ráyè. Bẹ́ẹ̀ ni White Sox ṣe mú Shane Smith lọ́wọ́ Brewers, sáà tó tẹ̀ lé e ló di All-Star, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n yàn pé wọ́n dáa jù ní líìgì.

Ibi tọ́kàn mi ò ti balẹ̀ lówó. White Sox ti ṣe gbogbo èyí rí, ní December 2016 wọ́n ta Chris Sale, Boston náà ló rà á, wọ́n gba Yoan Moncada àti Michael Kopech. Boston gba World Series, ife tó ga jù, ní 2018. White Sox dé playoff ní 2020 àti 2021, wọn ò kọjá tíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ bá tún fọ́. Àwọn ọmọ náà dàgbà, àwọn tó yẹ kí wọ́n fowó rà kún wọn ni wọn ò rà tó, adéhùn tó tóbi jù tí wọ́n fún plẹ́yà rí títí dé 2023 ni mílíọ̀nù 75 dọ́là tí wọ́n fún Andrew Benintendi. Ní December 2025 wọ́n mú Munetaka Murakami wá láti Japan ní mílíọ̀nù 34 fún ọdún méjì, ẹni tó gbá home run 56 níbẹ̀ ní 2022, ìbẹ̀rẹ̀ tó dáa nìyẹn. Tí Teel àti Colson Montgomery bá fi máa lo ọdún kẹta tí owó tí tíìmù ń ná ò tíì gòkè, tí wọ́n bá tún ní kẹ́ ẹ ní sùúrù, ẹ má gbà.