Bí mo ṣe dẹ́kun kí àléẹ̀tì báńkì máa hàn lójú fóònù mi

Ìsọ̀ aṣọ ni mo ní l'Ọ́jà Ọba, n'Ílọrin níbí. Orí káńtà ni fóònù mi máa ń wà tó bá ń gba iná. Bí àléẹ̀tì bá ti wọlé báyìí, ojú ẹ̀ á tàn yòò, iye tó wọlé àtiye tó wà nílẹ̀ á hàn gbangba, bẹ́ẹ̀ mo ti lọ́kì ẹ̀ o. Oníbàárà kan kà á tán, ló bá ní: "Àlàájà, gbogbo owó yìí, ẹ ò wá lè yọ ẹgbẹ̀rún kan fún mi?"

Mo pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, pàbó. Mo dojú ẹ̀ délẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ á tún bá mi ṣí i sókè.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé: mo wọ Settings, mo tẹ Notifications, mo wá ibi tí wọ́n kọ Lock screen sí, mo sì yan pé kó fi ohun tó wà nínú mẹ́sẹ́èjì pamọ́. Ó ṣì ń dún, àmọ́ kò sẹ́ni tó rí iye mọ́. Android ni tèmi. Ó lè wà níbòmíì lórí tiyín. Tó bá jẹ́ iPhone, Show Previews lẹ máa wá, kẹ́ ẹ mú When Unlocked.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹni tó bá yọ síìmù yín sínú fóònù míì á ṣì rí kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe fi PIN sórí síìmù gan-an, lábẹ́ Security. Ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN tó bá síìmù wá o, torí tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á tì pa, PUK, ìyẹn kóòdù míì tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni síìmù, ló kù tó lè ṣí i.